Oògùn Tí A Ń Fún Adìẹ àti Ẹ̀mí Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ ìlàlóye tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn kọ fún àwọn ilé ìkàwé abúlé

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ adìẹ ni, àti ọ̀rọ̀ ẹran tí a ń rà lọ́wọ́ alápatà. Bí ẹnikẹ́ni bá rò nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ adìẹ kò tó ohun tí à ń pe àgbà jọ sí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi sùúrù gbọ́ mi dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó kan arúgbó tí ó wà lórí ẹní, ó sì kan owó tí ó wà nínú àpò ẹni tí ń sin adìẹ.

Ní kúkúrú, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: oògùn tí a ń fún adìẹ tí ara rẹ̀ le, kí ó bàa lè tètè sanra, tàbí kí àìsàn má bàa wọlé tọ̀ ọ́, lè sọ oògùn ọmọ wa di omi lásán ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá wà ní bèbè ikú. Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dà bí àsọdùn létí yín, ẹ jẹ́ kí a tọ̀ ọ́ láti ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá.

Kòkòrò àti Oògùn Tí Ń Pa Á

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ pé àwọn kòkòrò kan ń bẹ tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn, àfi bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n. Wọ́n wà nínú omi, wọ́n wà nínú ilẹ̀, wọ́n wà ní ara wa àti nínú ìfun ẹran gbogbo. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe wá ní ibi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan jẹ́ ọ̀tá. Méjì nínú àwọn ọ̀tá wọ̀nyí sábà máa ń gbé inú ìfun adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni adìẹ náà lè máa jẹ, kí ó máa mu, láìfi àmì àìsàn kankan hàn. Orúkọ ọ̀kan ni Salmonella, orúkọ èkejì ni Campylobacter. Bí wọ́n bá ti inú ẹran tí kò jinná tàbí ẹyin tí kò jinná bọ́ sínú ènìyàn, wọn a máa fa inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, èébì àti ara gbígbóná.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le sábà máa ń bọ́ nínú àìsàn yìí láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ó bá ti ń mu omi tó. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kòkòrò Salmonella a máa ti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá nínú ọmọ kékeré tí ibà tàbí àìjẹunre-kánú ti sọ di aláìlágbára. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni èyí ti pa. Nígbà tí ọ̀ràn bá dé ibẹ̀, kò sí ohun tí ó lè gba ọmọ náà sílẹ̀ bí kò ṣe oògùn apakòkòrò, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní antibáyọ́tíìkì.

Oògùn apakòkòrò yìí kò tí ì pẹ́ láyé. Ní ọdún 1928, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, dókítà kan tí ń jẹ́ Alexander Fleming ṣàkíyèsí pé ohun kan, irú èyí tí ń hù sára búrẹ́dì tí ó ti bu, ti pa àwọn kòkòrò tí ń bẹ nínú àwo kan. Láti inú ohun yìí ni a ti rí pẹnisílíìnì. Àìsàn tí ń pa ènìyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ rí wá di èyí tí abẹ́rẹ́ ń wò sàn. Ní ọdún 1945, nígbà tí wọ́n fún Fleming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Ẹ̀bùn Nobel ní ìlú Stockholm, ó kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Ó fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ọ̀fun ń dùn, tí ó ra pẹnisílíìnì fúnra rẹ̀, tí ó sì lo ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò tó láti pa àwọn kòkòrò náà, ṣùgbọ́n tí ó tó láti kọ́ wọn bí a ṣe ń dojú kọ oògùn. Ọkùnrin náà wá kó àìsàn náà ran aya rẹ̀. Wọ́n fún aya náà ní pẹnisílíìnì, oògùn kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, obìnrin náà kú. Àpẹẹrẹ ni Fleming ń sọ ní ọjọ́ náà. Lónìí, kì í ṣe àpẹẹrẹ mọ́.

Báwo ni apá oògùn kì í ṣe é ká kòkòrò mọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo àgbẹ̀ tí ń ro oko. Bí ó bá ń fa kìkì èpò tí ó rọ̀, tí ó sì ń fi èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ le sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí èpò líle náà yóò fi gba gbogbo oko, nítorí kò sí èpò mìíràn mọ́ tí yóò bá a du ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn kòkòrò rí. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ lè wà tí a dá ní ọ̀nà tí oògùn kò fi lè mú wọn. Bí oògùn bá pa àwọn yòókù, àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni yóò kù, àwọn ni yóò sì máa bí sí i. Bíbí tiwọn kò dà bí ti ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò inú ìfun, bí ó bá rí ooru àti oúnjẹ tí ó tó, lè pín sí méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo, tí ohunkóhun kò sì dí i lọ́wọ́, lẹ́yìn wákàtí kan yóò di 8; lẹ́yìn wákàtí 10 yóò ti lé ní 1,000 mílíọ̀nù.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju èyí lọ. Ní ọdún 1959, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù fi hàn pé kòkòrò kan lè fi agbára tí ó ní láti dojú kọ oògùn lé kòkòrò mìíràn lọ́wọ́, bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ìran kan náà. Nítorí náà, kòkòrò aláìléwu tí ó ti inú adìẹ wá lè fi kọ́kọ́rọ́ yìí lé kòkòrò tí ń pa ènìyàn lọ́wọ́.

Bí Oògùn Ṣe Dé Inú Oúnjẹ Adìẹ

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé, kí ni adìẹ ń fi oògùn ènìyàn ṣe? Ní ọdún 1948, àwọn onímọ̀ méjì, Thomas Jukes àti Robert Stokstad, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oògùn Lederle ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń wá ohun tí yóò mú kí òròmọdìẹ tètè dàgbà. Wọ́n fún àwọn òròmọdìẹ kan ní ìdàrọ́ tí ó kù lẹ́yìn tí a ti yọ oògùn apakòkòrò kan tí ń jẹ́ aureomycin. Ẹnu yà wọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn òròmọdìẹ náà dàgbà ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé oògùn díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú ìdàrọ́ náà ni ó ń mú wọn dàgbà. Ní ọdún 1951, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí a máa fi oògùn apakòkòrò sínú oúnjẹ ẹran ọ̀sìn láìjẹ́ pé dókítà ẹran ni ó pàṣẹ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn kálẹ̀ dé ibi púpọ̀ ní ayé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí wé ìkìlọ̀ Fleming. Oògùn díẹ̀ tí kò tó láti pa gbogbo kòkòrò ni ó sọ pé kí a ṣọ́ra fún. Oògùn díẹ̀ gan-an sì ni a ń fi sínú oúnjẹ adìẹ, lójoojúmọ́, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìẹ tí ń gbé inú ilé kan náà. Bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kọ́ kòkòrò ní ìjà, ṣàṣà ni ọ̀nà tí yóò rí tí ó dára ju èyí lọ.

Oko Adìẹ Kan ní Massachusetts

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí ó wà nínú adìẹ, inú adìẹ ni yóò máa wà. Dókítà kan ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Stuart Levy, ti Yunifásítì Tufts, dán ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn ẹran fúnra wọn ni wọ́n gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀.

Levy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n kó nǹkan bí 300 òròmọdìẹ síbẹ̀, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fi oògùn kan tí ó jẹ́ ìran tẹtirasáíkílìnì díẹ̀ sínú oúnjẹ apá kan. Oúnjẹ lásán ni wọ́n fún apá kejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń yẹ ìgbẹ́ adìẹ wò láti ìgbà dé ìgbà. Wọ́n ń yẹ ìgbẹ́ àwọn ará ilé tí ń gbé inú oko náà wò pẹ̀lú, àti ti àwọn aládùúgbò wọn.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kòkòrò inú ìfun àwọn adìẹ tí ń jẹ oògùn ni apá tẹtirasáíkílìnì kò ká mọ́. Lẹ́yìn èyí, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn nínú àwọn adìẹ tí kò jẹ oògùn rárá. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, wọ́n ti pọ̀ nínú ìfun àwọn ará ilé olóko náà ju bí wọ́n ti wà nínú ti àwọn aládùúgbò lọ. Adìẹ ni a fún ní oògùn, kì í ṣe ènìyàn. Ohun mìíràn tún ya àwọn onímọ̀ náà lẹ́nu: oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi sínú oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù, àwọn kòkòrò náà kò gbọ́ ti oògùn mìíràn mọ́, àwọn oògùn tí ẹnikẹ́ni kò fún adìẹ náà rí.

Àwọn àgbà wa ti wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oko yìí gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí ó yẹ kí ó fún wa ní ìrètí. Nígbà tí wọ́n dá oúnjẹ olóògùn náà dúró, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, àwọn kòkòrò náà dínkù gidigidi nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará ilé náà. Èyíinì ni pé bí a bá jáwọ́, a lè rí àtúnṣe.

Ohun Tí Àwọn Ìjọba Ilẹ̀ Òkèèrè Ṣe

Kì í ṣe òní ni àwọn ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú sí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1969, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, tí Michael Swann jẹ́ alága rẹ̀, dá a lábàá pé kí a má ṣe máa fi oògùn tí a fi ń wo ènìyàn bọ́ ẹran láti mú un sanra.

Ní ilẹ̀ Denmark, oògùn kan wà tí wọ́n ń fún adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, tí ń jẹ́ avoparcin. Oògùn náà jẹ́ ìbátan vancomycin, èyí tí àwọn dókítà ń pamọ́ fún aláìsàn tí oògùn mìíràn kò ràn mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ irú kòkòrò ìfun kan wò lára àwọn adìẹ wọn ní ọdún 1995, ó lé ní 70 nínú 100 tí apá oògùn yìí kò ká mọ́. Ní ọdún náà ni ìjọba wọn fi òfin de avoparcin. Nígbà tí ó fi di ọdún 2000, iye náà kò tó 10 nínú 100. Ní ọdún 1998, àwọn tí ń sin adìẹ ní ilẹ̀ náà fi ọwọ́ ara wọn dá gbogbo oògùn amúnisanra dúró. Òtítọ́ ni pé nígbà tí àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ náà jáwọ́, àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ṣàìsàn ìgbẹ́ gbuuru fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ti adìẹ kò rí bẹ́ẹ̀: adìẹ kò kú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, iṣẹ́ ọ̀sìn adìẹ kò sì parun. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2006, gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú Àjọṣepọ̀ Yúróòpù ni kò gba oògùn apakòkòrò láàyè mọ́ fún mímú ẹran sanra.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Láàárín ọdún 1995 sí 1996, ìjọba gbà kí a máa fún adìẹ tí ń ṣàìsàn ní oògùn méjì tí wọ́n jẹ́ ìbátan ciprofloxacin, oògùn tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ní ilé ìwòsàn. A kì í mú adìẹ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ní oògùn nínú oko ńlá. Inú omi mímu ni a ń da á sí, kí àti aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le mu ún. Kò pẹ́ tí Campylobacter tí apá ciprofloxacin kò ká fi ń fara hàn lára àwọn ènìyàn tí inú ń run. Ní ọdún 2005, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de enrofloxacin, èyí tí ó kù nínú àwọn oògùn méjì náà, fún adìẹ. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré ni a fún oògùn láàyè, tí a sì gbà á padà.

Lẹ́yìn náà ni ti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà kéde pé àwọn rí kòkòrò lára ẹlẹ́dẹ̀, lára ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran adìẹ tí a ń tà, àti lára àwọn aláìsàn, tí apá colistin kò ká. Colistin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn ìkẹyìn tí dókítà ń nawọ́ mú nígbà tí gbogbo oògùn yòókù bá ti já a kulẹ̀. Wọ́n sì rí i pé agbára yìí jẹ́ irú èyí tí kòkòrò kan lè fi lé òmíràn lọ́wọ́. Ní ọdún 2017, ìjọba Ṣáínà fi òfin de fífi colistin mú ẹran sanra. Ní ọdún kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo ayé nímọ̀ràn pé kí a má ṣe fi oògùn apakòkòrò tí ó wúlò fún ènìyàn mú ẹran sanra mọ́, kí a má sì máa fún ẹran tí ara rẹ̀ le ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ojoojúmọ́.

Ọ̀ràn Náà Ní Ilẹ̀ Tiwa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀ràn àwọn òyìnbó ni èyí. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ní ọdún 2019, 1,270,000 ènìyàn ni kòkòrò tí apá oògùn kò ká pa ní gbogbo ayé. Nínú gbogbo ẹkùn ayé, apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa ni ikú náà ti pọ̀ jù ní ìwọ̀n iye ènìyàn: ó lé ní 27 nínú 100,000. N kò sọ pé ara adìẹ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Àwa fúnra wa ń ra kápúsù méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn, a ń lò ó fún ọ̀fìnkìn tí kò nílò rẹ̀, a sì ń dá a dúró nígbà tí ara bá fúyẹ́ díẹ̀. Àṣìlò tiwa àti àṣìlò ti ẹran, omi odò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣàn sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ iṣẹ́ adìẹ ní agbègbè wa mọ̀ pé oògùn apakòkòrò kò ṣòro rà. Ní ọ̀pọ̀ ọjà, ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ lè rà á láìsí ìwé dókítà ẹran. Nígbà tí adìẹ mẹ́ta bá sorí kọ́, aládùúgbò ni yóò sọ irú oògùn tí òun lò ní ọdún tí ó kọjá. Àwọn kan tilẹ̀ ń tú kápúsù ènìyàn sínú omi adìẹ. Ìjọba àpapọ̀ ti mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò ṣe é fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ọdún 2017, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àyíká jọ gbé ètò kan kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà láti gbógun ti kòkòrò tí apá oògùn kò ká, àjọ NCDC tí ń rí sí ìdènà àrùn sì wà lára àwọn tí ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin àti ètò kò lè dé inú ilé adìẹ gbogbo. Ọwọ́ wa ni ó kù sí.

Ojúṣe Ẹni Tí Ń Sin Adìẹ

Mo mọ̀ pé ẹni tí ó yá owó láti fi sin 500 adìẹ kò lè fi ọwọ́ lẹ́rán kí wọ́n kú mọ́ ọn lójú. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kí a má ṣe tọ́jú adìẹ tí ń ṣàìsàn. Ohun tí a ń wí ni pé kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ìdènà àrùn ni lílé akátá.

Èkíní, ẹ gba abẹ́rẹ́ tàbí oògùn àjẹsára fún adìẹ yín ní àkókò rẹ̀. Lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, lè pa ilé adìẹ kan run láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí oògùn apakòkòrò kan tí ó lè wò ó, nítorí irú ohun tí ń fà á kì í ṣe irú èyí tí oògùn náà ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gumboro. Ẹni tí ó da tẹtirasáíkílìnì sínú omi nítorí lúkúlúkú ti fi owó ṣòfò, adìẹ yóò sì kú síbẹ̀. Àjẹsára ni ààbò wọn.

Èkejì, ẹ má ṣe kó adìẹ há mọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, kí ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń sùn gbẹ, kí omi wọn mọ́. Bí ẹ bá ra adìẹ tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó darapọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ẹ ní bàtà kan tí kì í kúrò nínú ilé adìẹ.

Ẹ̀kẹta, bí àìsàn bá wọlé, ẹ pe dókítà ẹran tàbí òṣìṣẹ́ ọ̀sìn ìjọba tí ó wà ní agbègbè yín kí ẹ tó ra oògùn. Oògùn tí ó bá kọ, ẹ lò ó ní ìwọ̀n àti ní iye ọjọ́ tí ó sọ. Ẹ wo ara páálí oògùn náà kí ẹ rí i pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ bi ẹni tí ń ta oúnjẹ adìẹ fún yín bóyá ó ti po oògùn mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún adìẹ ní oògùn, iye ọjọ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó jẹ ẹran tàbí ẹyin rẹ̀, kí oògùn náà lè kúrò lára rẹ̀. A máa ń kọ iye ọjọ́ náà sára oògùn. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ẹfun, kí gbogbo ará ilé rí i. Ẹni tí ó fún adìẹ ní oògùn láàárọ̀, tí ó sì kó ẹyin rẹ̀ lọ sí ọjà ní ọ̀sán, ń ta oògùn fún ọmọ ọlọ́mọ láìjẹ́ pé ìyá ọmọ náà mọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìgbẹ́ adìẹ dára fún oko ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ kó o jọ ní òkìtì kí ó gbóná, kí ó sì jẹrà dáadáa kí ẹ tó dà á sí ìdí ẹ̀fọ́, pàápàá ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ní tútù. Ẹ má ṣe kó o sí etí odò tí a ti ń pọn omi.

Ojúṣe Alápatà àti Ti Ìyá Ilé

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó fi wá lọ́kàn balẹ̀. Kòkòrò tí apá oògùn kò ká, apá iná ká a. Bí gbogbo inú ẹran bá gbóná dé ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kòkòrò tí ó le àti èyí tí ó rọ̀, gbogbo wọn ni yóò kú. Nítorí náà, ìkòkò ọbẹ̀ wa tí ń hó dáadáa jẹ́ ààbò tí kò náwó. Ewu wà níbi tí ẹran bá ti jinná lẹ́yìn tí inú rẹ̀ ṣì pupa, bí súyà tí a kánjú yọ lórí iná, tàbí itan adìẹ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde ní ìdí egungun rẹ̀. Ẹyin pẹ̀lú, kí ó le tán kí ẹ tó fún ọmọ. Ẹ má sì rò pé fíríìsà ń pa kòkòrò. Ńṣe ni ó kàn ń dá a dúró títí ẹran yóò fi yọ́.

Ewu kejì ni ti ọ̀bẹ àti pákó. Ìyá ilé gé adìẹ tútù lórí pákó kan, ó sì gé tòmátì tàbí àlùbọ́sà tí a ó jẹ ní tútù lórí rẹ̀. Adìẹ náà yóò wọ inú iná, kòkòrò rẹ̀ yóò sì kú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti lẹ̀ mọ́ tòmátì yóò dé ẹnu ọmọ ní ààyè. Ẹ kọ́kọ́ gé ohun tí a ó jẹ ní tútù, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹran. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ pákó àti ọ̀bẹ. Bí ẹ bá ń ṣan adìẹ, ẹ ṣe é nínú abọ́, kí omi rẹ̀ má ta sára oúnjẹ tàbí sára abọ́ ọmọ. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin alápatà wa, inú ìfun ni kòkòrò wọ̀nyí ń gbé. Bí ìfun bá bẹ́ sára ẹran, ẹran náà ti gba kòkòrò. Ẹ jẹ́ kí ibi tí a ti ń tú ìfun jìnnà sí ibi tí a ti ń gé ẹran, kí omi tí ẹ fi ń ṣan ẹran mọ́, kí ẹ sì bo ẹran kúrò lọ́wọ́ eṣinṣin. Wolé-wolé tí ó bá wá yẹ orí àtẹ yín wò kì í ṣe ọ̀tá yín. Ó wá gba orúkọ rere yín là.

Ọ̀rọ̀ Ìparí

Ẹ̀yin ènìyàn wa, oògùn apakòkòrò kò dà bí àwọn oògùn yòókù. Bí mo bá ṣi oògùn orí fífọ́ lò, èmi nìkan ni ó pa lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣi oògùn apakòkòrò lò nínú ilé adìẹ mi, mo ti bà á jẹ́ fún ọmọ ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ohun àjọni ni, bí odò ìlú. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ dọ̀tí rẹ̀ nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí ilé ìkàwé. Ẹni tí ó mọ̀wé kà, kí ó kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kí àwọn tí ń sin adìẹ ní abúlé kọ̀ọ̀kan pàdé, kí wọ́n jọ dá owó díẹ̀díẹ̀ láti pe dókítà ẹran ní àkókò àjẹsára, nítorí owó tí ó wúwo lórí ẹnìkan máa ń fúyẹ́ lórí mẹ́wàá. Kí àwọn ìyá sọ fún ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin wọn nípa pákó àti ọ̀bẹ. Kí ẹni tí ń ṣàìsàn lo oògùn rẹ̀ bí dókítà ti sọ, kí ó má sì fi èyí tí ó kù fún aládùúgbò tàbí fún adìẹ.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. A ti sọ ti ogun yìí fún wa láti ọdún 1945. Oògùn tí ó kù lọ́wọ́ wa kò pọ̀, tuntun kò sì tètè ń jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tí a ní pamọ́ fún ọjọ́ tí ọmọ wa yóò nílò rẹ̀.